Akáwọ́gbera Kò Mọ Aró

Ó ti rẹ obìnrin náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn o. Èyí tó wọ inú eegun, tó gbé àga kalẹ̀, tó ní òun ti di onílé ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀. Kò ta ìlẹ̀kẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì fi ẹyọ kan ṣoṣo sọ́rùn. Onímọ̀ kẹ́míkà ni, ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi yangàn lójú agbo.

Báyìí niṣẹ́ náà rí. Wọn á mú wóró oje tó kéré ju yanrìn lọ. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìlẹ̀kẹ̀. Wọn á so èròjà kan mọ́ ọn lára, wọn á so èkejì mọ́ àkọ́kọ́, wọn á so ẹ̀kẹta mọ́ èkejì, títí tí yóò fi di ẹ̀wọ̀n, irú ẹ̀wọ̀n tí purotéènì inú ara wa jẹ́, àmọ́ tó kúrú. Pẹ́pítáìdì lorúkọ rẹ̀ níwájú oníbàárà. Ohun tí kò bá rí nǹkan so mọ́, wọn á da omi ìfọ̀ lé e, á bá omi ṣàn lọ; ẹ̀wọ̀n ní tirẹ̀ ti di ìlẹ̀kẹ̀ mú, kò lè bá ẹnì kankan lọ. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ìyà ibẹ̀ ló pọ̀.

Ìdí ni pé èròjà kọ̀ọ̀kan ló dé fìlà wá. Fìlà yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n máa so mọ́ ara wọn níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn sí. Bí ọ̀kan bá ti jókòó sórí ẹ̀wọ̀n, wọn á da omi kan sí i tí yóò ṣí fìlà rẹ̀, òun náà á wá na ọwọ́ sí ẹni tó kàn, bí ọmọlúàbí tó pàdé àna rẹ̀ lọ́nà. Omi tó ń ṣí fìlà yìí ń rùn bí ẹja tó kú sínú bàtà. Ṣí fìlà, fọ̀ ọ́. So ó, fọ̀ ọ́. Yẹ̀ ẹ́ wò, tún fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí orí ń fọ́ni, lọ́jọ́ tí kò fọ́ni.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Ó ti dákẹ́ láti bí oṣù kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní òun ń bọ̀. Ó ń bọ̀ bí òjò ọ̀dá, ojú ọ̀run á ṣú, ẹ̀kán kan ò ní balẹ̀. Ni wọ́n bá padà sí ti ayé àtijọ́: ìgò gíláàsì gígùn tó ní asẹ́ nídìí, afẹ́fẹ́ tó ń hó gba inú rẹ̀ kọjá, àti apá ènìyàn. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ á ṣe é títí, á gbé e fún ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Òpó. Bí Òpó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àlejò á rò pé òun ló gbé òrùlé ró.

Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ló wà lọ́kàn Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan báyìí, ọ̀nà mọ́tò méjì sí ibi iṣẹ́ wọn. Nǹkan burúkú hù sí i lọ́nà ọ̀fun, bí ilẹ̀ ọ̀la bá sì ti mọ́, àwọn dókítà á yọ gògóńgò rẹ̀. Á yè, wọ́n ní. Kò kàn ní í sọ̀rọ̀ mọ́ láyé ni. Obìnrin tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń jà, ẹnu ló fi ń bẹ̀bẹ̀, ẹnu náà ló fi tọ́ ọmọ aláìníyàá.

Lánàá ni ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí.

"Máa bọ̀ kí n tó dákẹ́," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú sọ ọ́ fún mi báyìí. Mò ń gbọ́ yín."

"Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣé o ti rí ojú nínú fóònù rí?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ tẹ fídíò."

"Tẹ ìyá ẹ."

"Ìyá kan náà ló bí wa o."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè ọ́! Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíì ni, màá jẹ́ kó máa jókòó ti ẹja jíjẹrà ẹ̀." Ikọ́ gbà á. "Ọ̀la. Kí oòrùn tó wọ̀. Bí o kò bá dé, tí o bá wá dé lọ́túnla, bébà lo máa bá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, o sì mọ̀ pé mi ò mọ̀wé kọ."

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tí nǹkan ti sú ni, ojú rẹ̀ wú bí ti ẹni tó fi àwo ṣe ìrọ̀rí. Òun àti Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ jọ dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà ni, wọ́n sì ń fi ẹ̀yin ẹ̀yin bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àdéhùn wọn kò díjú: bí ẹ̀wọ̀n bá ti parí, tí wọ́n bá ti fi ásíìdì já a kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀, kí ó máa lọ. Àwọn oníṣègùn tó ń wá oògùn egbò tí kì í jinná ló ni ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n sì ti ń pe Ọ̀gá bí ẹni ń pe ajá tó sá lọ.

Ó wá ku èròjà kan ṣoṣo. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ so ó láàárọ̀ yìí, ó fọ̀ ọ́, ó sì bu ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tó tó ìka ọwọ́. Ó kán omi ìdánwò sí i, ó gbé e sórí iná. Báyìí ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: bí ọwọ́ orí ẹ̀wọ̀n bá ṣófo, tí kò tíì rí ẹni dì mú, ìlẹ̀kẹ̀ á di aró pátápátá; bó bá ti rí ẹni dì mú, á dúró ní yẹ́lò bó ṣe wà. Aró, ẹ padà sẹ́yìn. Kò sí aró, ẹ máa lọ.

Òpó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó yọjú sí ìgò náà.

"Yẹ́lò," ó ní. "Ìyá, ó parí! Ẹ gbé àpò yín. Màá bá yín já a."

"Já kí ni? A kì í já gbogbo rẹ̀ láìjá díẹ̀ wò."

"Ẹ̀yin náà! Ẹni tí mọ́tò ń dúró dè."

"Mọ́tò ò dúró de ẹnì kankan rí, Òpó. Bu ásíìdì wá."

Ó lè máa lọ o. Kò sí ẹni tí yóò bi í. Àmọ́ ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í gbọ́ ti ẹni tó ni ín: ó bu ìwọ̀nba ìlẹ̀kẹ̀ tí kò kún èékánná, ó da ásíìdì sí i, ó jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ já bọ́, ó sì gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan tí ojú ò lè rí ṣe wúwo tó. Ẹ̀wọ̀n tó bá pé, òkè kan ṣoṣo ló ń yọ lójú ẹ̀rọ yẹn, á dúró gangan bí ìka tó ń tọ́ka sókè.

Òkè méjì ló yọ.

Èkíní wà níbi tó yẹ kó wà. Èkejì dúró sápá òsì rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Ẹ̀wọ̀n tó fúyẹ́ jù ni. Ìyẹn ni pé ìdajì gbogbo ohun tó wà nínú ìgò ọ̀hún ló fo ẹnì kan dá.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ fa àga, ó jókòó. Ó yọ ìwúwo kékeré kúrò lára ti ńlá, ohun tó ṣẹ́ kù sì dáhùn fúnra rẹ̀. Fálíìnì ni, ọ̀kan lára àwọn èròjà náà. Ẹyọ fálíìnì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀wọ̀n náà, ẹni tó jókòó lé lórí ló sì fa wàhálà.

"Òpó."

"Mà."

"Nígbà tí o so fálíìnì, o yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, Ìyá. Kò sí aró rárá. Yẹ́lò tó mọ́ kedere. Mo tiẹ̀ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé mo mọ ẹnu yín."

"Ta ló wà lábẹ́ fálíìnì?"

Òpó gbé ojú sókè, ó ń ka ẹ̀wọ̀n náà sẹ́nu bí ẹni ń ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ó dúró.

"Akáwọ́gbera ni," ó ní.

Pírólììnì lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Akáwọ́gbera. Gbogbo èròjà yòókù na ọwọ́ síta gbalaja. Òun nìkan ni ọwọ́ tirẹ̀ ká padà, tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni tó káwọ́ gbera tó ń wo ìjà. Ọwọ́ tó bá ká báyẹn, ó ṣòroó dì mú. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé kì í di aró. Ìbáà ṣófo, ìbáà kún, yẹ́lò ni á máa wò ọ́. Ìgò omi ìdánwò mìíràn wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àwọn ìgò tí wọn kì í lò, eruku ti fi í ṣe aṣọ.

Òpó ò mọ̀ pé ìgò bẹ́ẹ̀ wà. Báwo ni ó ṣe fẹ́ mọ̀? Ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ ló dé, ẹ̀rọ kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè aró; á kàn so èyí tó bá le lẹ́ẹ̀mejì, á máa lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́ ni Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ dúró tì í, tó ní, "Òfin kan ṣoṣo ni: aró, padà, kò sí aró, máa lọ." Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ lọ sùn. Òpó gba òfin náà gbọ́ bí ẹni gba ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì pa á mọ́ láìyẹ̀.

"Ìyá, mo ti ba ayé wa jẹ́," ni Òpó wí. Ó ti jókòó sílẹ̀. Bó ṣe jókòó náà, orí rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tábìlì dọ́gba.

"Dìde níbẹ̀. Ẹnu mi ló bà á jẹ́, ọwọ́ tìẹ kàn jẹ́ iṣẹ́ fún un ni."

Ọ̀gá wọlé bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á wá. Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún fi sójú, òkè méjì náà ò parẹ́.

"Ẹ̀rọ asẹ́ ńkọ́?" ó bèèrè. "Kò lè yà wọ́n?"

"Ìbejì ni wọ́n, Ọ̀gá. Bí ọ̀kan ṣe ń rìn ni èkejì ń rìn."

Òun náà mọ̀. Ó kàn bèèrè bí ẹni ń tọwọ́ bọ àpò tó mọ̀ pé ó ṣófo ni.

"Ẹ dà á nù," ó ní.

Òpó ṣí ìdérí agbá ìdọ̀tí, ó dojú ìgò dé, gbogbo wàhálà wọn sì bọ́ sínú agbá pẹ̀lú ìró kékeré kan bí ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ tútù bá bọ́ lára ṣọ́bìrì. Ohun tó dun Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ jù nìyẹn, pé kò dún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mo ti bẹ àwọn oníbàárà," Ọ̀gá ń wí, "wọ́n á fún wa láyè díẹ̀ sí i, ìyẹn bí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ má bínú o. Àdéhùn wa ni pé kí ẹ lọ bí ẹ̀wọ̀n bá parí. Ẹ̀wọ̀n ò parí."

"Ọ̀gá, ọ̀la ni wọ́n ń gé ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbọ́. Wọ́n sì ní á yè, àbí? Ẹ lọ kí i lọ́túnla, ẹ gbé èso lọ."

"Ẹni tí wọ́n gé lọ́fun lẹ fẹ́ kí n gbé èso lọ fún?"

Òpó fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ṣe àṣìṣe náà?" ó bèèrè wẹ́rẹ́. "Mo kàn ń bèèrè ni o."

Òpó ti la ẹnu. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó pa ẹnu náà dé látòkèèrè.

"Èmi ni. Mi ò kọ́ Òpó ní ti Akáwọ́gbera."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rò," ni Ọ̀gá wí. "Ẹni tó da omi nù ló ń padà sódò."

Òótọ́ ni. Òótọ́ sì burú lọ́jọ́ tí ó bá rẹ ènìyàn, nítorí kò fi ibì kankan sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbá mú. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ fọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó wọn ìlẹ̀kẹ̀ tuntun sínú ìgò, ó da omi lé e. Ìlẹ̀kẹ̀ gbígbẹ kò wúlò fún nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ mu omi, kó wú, kí inú rẹ̀ là kí èròjà lè ráyè wọlé. Kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i ní àkókò yẹn ju kó jókòó wò ó lọ. Ó jókòó wò ó. Lójú fèrèsé, oòrùn ti kọjá orí ilé kejì, ó ti ń mú ọ̀nà ìsàlẹ̀ pọ́n.

"Ìyá," ni Òpó wí jẹ́jẹ́, "mo ti mọ Akáwọ́gbera báyìí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, ẹ ò ní í fi ejò hàn án mọ́."

"Àwọn ejò mìíràn wà tí mi ò tíì fi hàn ọ́."

"Ẹ fi wọ́n hàn mí lórí fóònù."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ wí, kó tó mọ ẹnu ẹni tí òun ń lò.

Ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ dún nínú àpò aṣọ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó fi èjìká gbé e sétí nítorí ìbọ̀wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń gbọ́."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Rárá o, ó gbọ́: afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò tóóró kọjá, tó ń súfèé, tó ń gbìyànjú láti di ọ̀rọ̀ tí kò sì rí ọ̀rọ̀ dà. Ó dáwọ́ dúró, ó tún gbìyànjú. Fííí. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan já fóònù náà.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ wo ìlẹ̀kẹ̀ nínú ìgò. Wọ́n ń wú lọ́wọ́. Wọn ò nílò ìyá.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Òpó ti gbé àpò rẹ̀ wá kó tó bèèrè rẹ̀, ó sì ti lọ dúró sídìí ìgò, ó dúró gangan, ó káwọ́ sẹ́yìn bí sọ́jà.

"Ìgò tó wà lẹ́yìn nínú kọ́bọ́ọ̀dù," ni Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ wí. "Nu eruku ẹ̀."

Ní orí àtẹ̀gùn ló ti pàdé Ọ̀gá tó ń gòkè bọ̀. Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí bàtà òde.

"Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀, bí ẹ bá jáde, ẹ mú àpò yín dání o."

"Òun náà rèé lọ́wọ́ mi."

"Mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré, Ọ̀gá. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ ti rí ẹ̀yìn mi, ẹ ò ní láti wá mi kiri. Ẹ̀wọ̀n tó bàjẹ́, ènìyàn lè tún un ṣe. Ẹ̀bi mi ni, màá sì jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ mi ò ní í fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi san án. Òun kọ́ ló jẹ yín."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sójú títì.

Mọ́tò àkọ́kọ́, kò rí àga, ó dúró. Mọ́tò kejì, ó rí àga, àmọ́ ọkùnrin tó jókòó tì í fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dìde lọ dúró lókè lọ́hùn-ún. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ na ẹsẹ̀ sí àyè tó ṣófo. Ìwọ̀nba àǹfààní tó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Oòrùn ṣì wà lẹ́nu fèrèsé wọ́ọ̀dù nígbà tó dé. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà ní ìpẹ̀kun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti obìnrin kan tó ń hanrun. Ẹ̀gbọ́n ti rù. Ọrùn rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì yí ká tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó fi ìka pè é, ó ní kó sún mọ́ òun. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ fi etí sún mọ́ ọn.

"Ìwọ lò ń rùn báyìí?" ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ohùn kù! Ó tín-ínrín, ó há, ó ń dún bí ẹni ń fi ìwé wé nǹkan, àmọ́ ó kù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ yín lórí fóònù, mo rò pé ó ti lọ."

"Omi ni mò ń mu. Ó há mi lọ́fun." Ó gbá a lọ́wọ́. "Jókòó. Sún ìdí ẹ síbẹ̀. Ọmọ ọ̀hún tó tóbi báyìí."

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ jókòó, ó ń retí ọ̀rọ̀. Ó ti rò ó nínú mọ́tò pé ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ní ọmọ ìyá mìíràn níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé òun ò ní í yè. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí obìnrin tó ń hanrun. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ni obìnrin yìí ti ń wo nǹkan òun. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí dókítà, ó ní ọmọ náà lẹ́wà, àmọ́ etí rẹ̀ fẹ̀ jù, atẹ́gùn á máa gbé e. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí ọjọ́ tí Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀, tó jẹ́ ọmọ kékeré nígbà náà, da ọṣẹ ìfọṣọ, kẹrosíìnì àti omi ọsàn pọ̀ sínú ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, tó ní oògùn orí fífọ́ lòun ń sè.

"Mo nà ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ó ní.

"Ẹ nà mí dáadáa."

"Ó yẹ kí n nà ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wo ohun tó sọ ọ́ dà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n kò ní ohùn nínú mọ́, èjìká nìkan ló ń mì. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ bu omi fún un. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn hanrun, ẹ̀gbọ́n sì fi ojú tọ́ka sí i bí ẹni pé, "Ṣé o rí nǹkan tí mò ń wí?"

Ìgbà tó yá, Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù."

Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó bèèrè ibi tí omi wà nígbà tó ń wẹ̀ lódò.

"Òun náà là ń sọ yìí."

Fóònù dún. Ọ̀gá ni. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ wò ó títí, kó tó gbé e, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé, kí wọ́n kúkú lé e lójú ọmọ ìyá rẹ̀.

"Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀." Ohùn Ọ̀gá ń dún jìnnà, bí ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀ sórí tábìlì. Afẹ́fẹ́ ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ìró ìgò náà ni. "Ẹ jọ̀ọ́, omi ìṣífìlà yìí, ìgbà mélòó la máa ń pààrọ̀ rẹ̀? Òpó ní ẹ̀ẹ̀mejì. Èmi ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Ìgbà tiyín ti lọ, Ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wọ ìbọ̀wọ́?"

"Ta ló kù?" ni Ọ̀gá wí. Ó rẹ òun náà. "Ó sì ń rùn bákan náà. Mo ti gbàgbé pé ó ń rùn tó báyìí. A ó sọ̀rọ̀ bí ẹ bá dé. Mo ṣì ń bínú o."

Kí Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ tó dáhùn, ọwọ́ kan tó rù bí igi ìṣáná ti já fóònù gbà.

"Ìwọ ni ọ̀gá?" ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó kó gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù jọ, iṣan ọrùn rẹ̀ le lábẹ́ báńdéèjì. "Ìwọ ni ọ̀gá tí kì í jẹ́ kí àbúrò mi sùn? Ìwọ lo sọ ọ́ di ẹja? Gbọ́ o. Ọ̀la ni mò ń dákẹ́. Àmọ́ bí o bá lé ọmọ yìí, màá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ẹ, màá máa wò ọ́. N kò ní í sọ nǹkan kan. Màá kàn máa wò ọ́ ni."

Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń hó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ni Ọ̀gá padà wí. "Ẹ ó gbádùn o."

Ẹ̀gbọ́n dá fóònù padà. Ó fi orí lélẹ̀, ó di ojú, ó ń mí kíkankíkan. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ fẹ́ bá a jà pé ìwọ̀nba ohùn tó kù ló ná sórí Ọ̀gá yẹn. Kò bá a jà. Ẹni tó ni ohùn ló mọ ohun tó fẹ́ rà.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pa iná wọ́ọ̀dù. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí ènìyàn lè ròyìn. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, oorun sì gbé e lọ bí omi gbé ewé.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì méjì fa bẹ́ẹ̀dì onítáyà wá. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n sórí rẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó dé àgbọ̀n. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ ń bá wọn rìn lọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá tí kò lè bá wọn kọjá, ẹ̀gbọ́n fa ọwọ́ náà. Gbogbo wọn dúró. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Sálúbàtà mi," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Má jẹ́ kí obìnrin yẹn gbé e."

Wọ́n tì í wọlé.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ padà sí wọ́ọ̀dù. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn ti jí, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láìwọ nǹkan kan, ó sì kí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fà wọ́n jáde: méjèèjì pé, aláwọ̀ ewé, gìgísẹ̀ wọn ti jẹ tán. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀. Sálúbàtà náà kéré, ìka rẹ̀ yọ síta. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àga rọ́bà tó wà níbẹ̀, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.